Abẹ́ Ta Ni Kí Màmá Wà? Ìfiwéra fún Àwa Tí À Ń Gbọ́ Bùkátà Àgbà Nínú Táàsì Amẹ́ríkà

Lọ́jọ́ Sunday kan nínú oṣù February, mo jókòó sídìí tábìlì ilé ìdáná, mo ti kọ gbogbo ohun tó yẹ kí n kọ sínú táàsì mi lórí kọ̀ǹpútà, mo tẹ bọ́tìnì tó kẹ́yìn, mo sì dìde lọ ro ẹ̀bà. N kò tíì bu òkèlè kẹta tí èsì fi dé: wọ́n ti dá a padà. Nọ́ńbà Social Security Màmá ti wà nínú táàsì ẹlòmíràn.

Mo pe Bùrọ̀dá mi ní Houston.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ̀yin lẹ fi Màmá sínú táàsì yín?"

"Èmi ni. Àbí èmi kọ́ ni àkọ́bí?"

Ọ̀dọ̀ mi ní Maryland ni Màmá ń gbé láti ọjọ́ tí wọ́n ti gba gíríìn káàdì dé. Bùrọ̀dá ń fi $200 ránṣẹ́ sí wọn lóṣooṣù, wọn kò sì pa oṣù kankan jẹ rí. Lójú Bùrọ̀dá, àkọ́bí tó tún ń fowó ránṣẹ́ ló ni ìyá nílé, òun náà ló sì ni ín nínú ìwé. Àmọ́ IRS, iléeṣẹ́ táàsì ìjọba Amẹ́ríkà, kò mọ àkọ́bí yàtọ̀ sí àbíkẹ́yìn. Ohun tí IRS ń béèrè ni ẹni tó gbé ju ìdajì bùkátà ìyá náà lọ lọ́dún yẹn.

Láti ìgbà náà ni mo ti máa ń jókòó ti àwọn ará ìjọ wa lásìkò táàsì, tí a ó sì gbé ọ̀rọ̀ yìí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn: bí Màmá bá wà lábẹ́ tèmi (ìyẹn, bí mo bá kọ wọ́n sínú táàsì mi bí ẹni tí mò ń gbọ́ bùkátà rẹ̀) ńkọ́, bí wọ́n bá wà lábẹ́ ẹ̀gbọ́n ńkọ́, bí wọn kò bá sí lábẹ́ ẹnikẹ́ni ńkọ́? N kì í ṣe akáǹtáǹtì o. Iye tí mo bá dá síbí, ti táàsì ọdún 2025 ni, èyí tí gbèdéke rẹ̀ jẹ́ April 15, 2026.

Èló là ń jà sí gan-an?

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ti pẹ́ níbí ṣì ń ronú ayé àtijọ́. Títí dé táàsì 2017, orí kọ̀ọ̀kan tó bá wà nínú ìwé yín ń yọ $4,050 kúrò nínú owó tí ìjọba máa bu táàsì lé. Láti 2018 ni wọ́n ti sọ ọ́ di òdo, òfin tí wọ́n fọwọ́ sí ní July 4, 2025 sì ti fi òdo náà múlẹ̀. Ohun tó kù fún àgbàlagbà ni ẹ̀dín $500 tí fọ́ọ̀mù ń pè ní Credit for Other Dependents. Inú táàsì tí ẹ jẹ ni wọ́n ti ń yọ ọ́. Bí ẹ kò bá jẹ táàsì kankan, ìjọba kò ní kà á lé yín lọ́wọ́. Bí owó tó ń wọlé fún yín bá kọjá $200,000, tàbí $400,000 fún tọkọtaya tó fáìlì pọ̀, ó máa ń dín kù díẹ̀díẹ̀.

$500 kì í ṣe owó tó yẹ kí ọmọ ìyá torí rẹ̀ bínú sí ara wọn.

Ibi tí owó wà ni ipò Head of Household, olórí ilé. Ẹni tí kò ní ọkọ tàbí aya, tí Màmá sì wà lábẹ́ rẹ̀, lè fáìlì bí olórí ilé dípò bí àpọ́n. Ẹ jẹ́ ká sọ pé $60,000 ló wọlé fún ọmọ kan ní 2025. Bí ó bá fáìlì bí àpọ́n, $15,750 ni ìjọba kò ní fọwọ́ kàn nínú rẹ̀, táàsì orí èyí tó kù á sì jẹ́ bíi $5,070. Bí ó bá fáìlì bí olórí ilé, $23,625 ni ìjọba kò ní fọwọ́ kàn, táàsì á wálẹ̀ sí $4,025. Ẹ wá yọ $500 Màmá níbẹ̀, ó ku $3,525. Ó lé ní $1,500 tó dúró sápò ọmọ yẹn, ìdá méjì nínú mẹ́ta rẹ̀ ló sì ti ara olórí ilé wá.

Èyí ló fà á tí ìbéèrè "ta ló lè gbé Màmá?" kò fi tó. Ta ni Màmá máa wúlò fún jù nínú ìwé? Èmi alára, àwọn ọmọ mi ti sọ mí di olórí ilé kí Màmá tó dé, nítorí náà $500 péré ni wọ́n fi kún tèmi. Bùrọ̀dá àti ìyàwó wọn ń fáìlì pọ̀. Tọkọtaya tó fáìlì pọ̀ kì í jẹ́ olórí ilé, $500 náà ni tiwọn, ó tán. Àbúrò wa obìnrin ní Chicago ni kò tíì lọ́kọ, tí kò tíì bímọ. Òun gan-an ni Màmá ìbá gbé gòkè nínú ìwé, òun ni kò sì sọ̀rọ̀ rárá lọ́jọ́ ìjà. Ṣùgbọ́n ẹ kò lè fi bíírò gbé Màmá láti ìwé kan sí òmíràn ní April o. Ẹni tó máa ní wọn lábẹ́ gbọ́dọ̀ ti máa sanwó láti January.

Òbí tún ní àǹfààní kan tí kò sí fún ẹbí yòókù: kò pọn dandan kí Màmá tàbí Bàbá bá yín gbé kí wọ́n tó sọ yín di olórí ilé. Bí ẹ bá san ju ìdajì ìnáwó ilé tí wọ́n ń gbé fún odindi ọdún, yálà ilé háyà ni tàbí ilé ìtọ́jú arúgbó, ẹ yege. Ẹ̀gbọ́n, àbúrò tàbí àǹtí ní tirẹ̀ gbọ́dọ̀ bá yín gbé ju ìdajì ọdún lọ.

Ọ̀rọ̀ kan rèé fún àwọn tí ọkọ tàbí aya wọn ṣì wà ní Nàìjíríà láìní ìwé ìgbélùú. Òfin lè kà yín sí ẹni tí kò ṣègbéyàwó ní ti ipò olórí ilé, bí ẹ kò bá ti yàn pé kí wọ́n ka ẹnìkejì yín sí olùgbé Amẹ́ríkà. Ẹnìkejì náà kọ́ ló máa sọ yín di olórí ilé. Ọmọ tàbí Màmá tó wà lábẹ́ yín ló lè ṣe é. Mo mọ ẹni tó fi ọdún mẹ́rin pàdánù èyí, nítorí ó gbà pé ẹni tó ti gbéyàwó ti gbéyàwó, kò sí ohun tó tún kù.

Màmá Ìbàdàn, Màmá àlejò, Màmá gíríìn káàdì

Ibí yìí ló máa ń dun àwọn ará wa jù. Ọkùnrin kan ń fi $600 ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ ní Ìbàdàn lóṣooṣù. Ó kó gbogbo rìsíìtì rẹ̀ wá bá mi nínú àpò nylon, ó tò wọ́n ní oṣù-oṣù, ó fi rọ́bà so ti January mọ́ ti December. Mo ní láti sọ fún un pé kò sí ọ̀kankan tó wúlò nínú wọn. Ẹni tí ẹ máa fi sábẹ́ yín gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà, tàbí ẹni tí òfin táàsì kà sí olùgbé Amẹ́ríkà, tàbí ẹni tó ń gbé ní Canada tàbí Mexico. Bí ẹ tilẹ̀ ń san owó ilé, owó oògùn àti owó oúnjẹ ìyá yín ní Bódìjà títí dórí kọ́bọ̀, kò lè wọ ìwé. Ó tún dì í, ó so ó, ó ní, "Ṣé ìyá mi kì í ṣe ìyá ni?" N kò mọ ohun tí mo lè fi dá a lóhùn.

Ti Canada pàápàá kò fi bẹ́ẹ̀ ládùn. Ìyá tó ń gbé ní Toronto lè wọ abẹ́ yín, ṣùgbọ́n $500 kò ní bá a wọlé, nítorí ẹ̀dín yẹn fẹ́ kí ẹni náà jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà tàbí olùgbé rẹ̀.

Màmá tó ní gíríìn káàdì, olùgbé ni wọ́n. Bí wọ́n bá lọ sílé fún oṣù mẹ́ta láti lọ ṣe ìnáwó, olùgbé ṣì ni wọ́n. Pé ẹ̀yin lẹ fọwọ́ sí ìwé ìgbọ̀wọ́ I-864 kò wá fi wọ́n sábẹ́ yín láìsí ohun mìíràn. Ẹni tó ń gbọ́ bùkátà lẹ́yìn tí wọ́n dé ni IRS ń wá.

Màmá àlejò ló ní kọ́lọ́fín nínú. Wọ́n fi fíísà ìbẹ̀wò wá tọ́jú ọmọ tuntun, wọ́n lo oṣù márùn-ún, wọ́n padà. Lọ́dún kejì, inú tún wà, wọ́n tún dé. IRS ní bí wọ́n ṣe ń ka ọjọ́: gbogbo ọjọ́ tí wọ́n lò lọ́dún yìí, ìdá kan nínú mẹ́ta ti ọdún tó kọjá, àti ìdá kan nínú mẹ́fà ti ọdún tó ṣáájú ìyẹn. Bí àròpọ̀ rẹ̀ bá pé 183, tí ti ọdún yìí nìkan sì tó 31, olùgbé ni Màmá lójú òfin táàsì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé fíísà àlejò ló wà nínú páálí wọn. Ọjọ́ 150 lọ́dún yìí àti 150 lọ́dún tó kọjá á di 150 pẹ̀lú 50, ìyẹn 200. Ó ti wọlé nìyẹn.

Kí ẹ tó máa yọ̀, ilẹ̀kùn tó gba Màmá wọlé sábẹ́ yín náà ni IRS máa gbà wọlé béèrè owó tó ń wọlé fún wọn ní Nàìjíríà. Ẹni tí ọjọ́ rẹ̀ lọ́dún yìí kò pé 183, tí ilé àti gbogbo ohun tó ní ṣì wà nílé, lè fi Fọ́ọ̀mù 8840 sọ pé òun kì í ṣe olùgbé. Ẹ yan ọ̀kan. Ẹ kò lè sọ fún ìjọba pé Màmá kì í ṣe olùgbé, kí ẹ tún gba $500 lórí wọn. Bí ẹ bá yan olùgbé, wọ́n á nílò ITIN, nọ́ńbà táàsì fún ẹni tí kò lè gba ti Social Security. Fọ́ọ̀mù W-7 lẹ máa fi béèrè rẹ̀, kí gbèdéke ìfáìlì tó kọjá.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n yín tó wá kàwé pẹ̀lú fíísà F-1 kò sí nínú èyí. Ó lè sùn sí yàrá ìsàlẹ̀ yín fún ọjọ́ 365, kí ẹ máa bọ́ ọ, kí ẹ máa san owó ilé-ìwé rẹ̀. Wọn kì í ka ọjọ́ akẹ́kọ̀ọ́ F-1 fún ọdún márùn-ún àkọ́kọ́ tó lò níbí, nítorí náà kò lè di olùgbé nípa ọjọ́ kíkà, kò sì lè wọ abẹ́ yín. Mo ti rí táàsì mẹ́ta tí ẹni tó gba owó ṣe é kọ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ wọlé láìbéèrè irú fíísà tó gbé dé.

Ẹ̀gbọ́n wo, àǹtí wo?

Nílé wa, ẹ̀gbọ́n lè jẹ́ ọmọ ìyá, ọmọ bàbá, ọmọ àbúrò bàbá àgbà, tàbí ẹni tí a jọ pọn omi ní kànga kan náà. IRS pín wọn sọ́nà méjì. Àwọn kan kò ní láti bá yín gbé: òbí àti òbí àgbà, ọmọ àti ọmọ-ọmọ, ọmọ ìyá tàbí ọmọ bàbá yín àti àwọn ọmọ tí wọ́n bí, ọmọ ìyá tàbí ọmọ bàbá òbí yín, pẹ̀lú àwọn àna bíi ìyá ọkọ, bàbá ìyàwó, àbúrò ọkọ, ọkọ ọmọ. Àna kì í tán lójú òfin yìí. Bí ọkọ bá kú tàbí tí ìgbéyàwó tú, ìyá ọkọ ṣì lè wà lábẹ́ yín.

Gbogbo ẹni yòókù wà lápá kejì: ọmọ àbúrò bàbá yín, ìyàwó ẹ̀gbọ́n ìyá yín, ọ̀rẹ́, ará ìlú. Àwọn yìí gbọ́dọ̀ fi ilé yín ṣe ilé fún odindi ọdún. Wọ́n lè mú $500 wá, ṣùgbọ́n wọn kò lè sọ yín di olórí ilé bó ti wù kí wọ́n pẹ́ lọ́dọ̀ yín tó.

Bí ẹni náà bá sì ní ọkọ tàbí aya tí wọ́n jọ ń fáìlì pọ̀, ẹ gbàgbé rẹ̀, àfi bí wọ́n bá fáìlì kìkì láti gba owó tí wọ́n ti yọ lọ́wọ́ wọn padà.

$5,200, àti ilé Ìbàdàn tó ba nǹkan jẹ́

Fún 2025, owó tó wọlé fún àgbàlagbà náà gbọ́dọ̀ kéré sí $5,200. Kì í ṣe èrè ni wọ́n ń wò, owó tó wọlé kí a tó yọ ohunkóhun ni. Iṣẹ́ ọjọ́ kan péré lọ́sẹ̀, wákàtí mẹ́jọ ní $15, ti di $6,240 kí ọdún tó parí. Owó ìfẹ̀yìntì Social Security tí kò ní táàsì nínú kì í wọ ìṣirò yìí, bẹ́ẹ̀ náà ni SSI, owó ìrànwọ́ ìjọba fún àgbà àti aláìlera tí kò lówó.

Owó háyà ńkọ́? Màmá kan tó ní gíríìn káàdì ní ilé fúlàtì mẹ́rin ní Ìbàdàn, fúlàtì kọ̀ọ̀kan ń mú ₦2,000,000 wá lọ́dún. ₦8,000,000, bí a bá ṣẹ́ ẹ ní ₦1,500 sí dọ́là kan, lé ní $5,300. Màmá ní òrùlé tó jò àti lọ́yà tó lé ayálégbé jáde ti jẹ èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀, ohun tó kàn wọ́n lọ́wọ́ kò tó $2,000. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n IRS kì í yọ owó àtúnṣe kúrò lára owó háyà níbi ìdánwò yìí. Wọ́n jábọ́. Ọmọ wọn tó ń bọ́ wọn láti òwúrọ̀ dé alẹ́ kò rí nǹkan kan gbà lórí wọn lọ́dún náà.

Ìdajì, nínú ìwé aláwọ̀ ewé

Lẹ́yìn ìjà wa, mo ra ìwé àkọsílẹ̀ kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ ewé. Mo fa ìlà mẹ́ta sínú rẹ̀: tèmi, ti àwọn ọmọ yòókù, ti Màmá fúnra wọn. Mo ti gé àwọn iye tó wà níbí kí ó má fi sẹ́ńtì sẹ́ńtì, bí nǹkan ṣe rí náà nìyí.

Yàrá ló gba ipò iwájú. IRS kò béèrè mọ́géèjì mi; iye tí àlejò ìbá san fún irú yàrá bẹ́ẹ̀ ládùúgbò mi ni wọ́n ń béèrè. $900 lóṣù, $10,800 lọ́dún. Oúnjẹ inú ilé gba $9,600, àwa mẹ́rin là ń jẹ ẹ́, nítorí náà ti Màmá jẹ́ $2,400, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo ilé ló mọ ẹni tó ń jẹ ẹran tó dáa jù. Oògùn àti dókítà eyín tí mo fọwọ́ ara mi san, $1,100. Aṣọ, fóònù àti tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú lọ kí Bùrọ̀dá, $600. Tèmi jẹ́ $14,900.

Ti Bùrọ̀dá jẹ́ $2,400.

Màmá ń lọ ran àwọn kan lọ́wọ́ ní ibi ìtọ́jú ọmọdé ní ọjọ́ Friday, wọ́n sì rí $3,600 gbà lọ́dún náà. Mo fẹ́ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ bí ìnáwó tiwọn, àfi ìgbà tí mo bi wọ́n léèrè ibi tí owó náà lọ. Wọ́n ná $1,200 lórí ara wọn. $2,400 tó kù, àjọ ni wọ́n dá pẹ̀lú àwọn obìnrin ìjọ. Owó tí ẹni náà kó pamọ́ kì í ṣe owó tó fi bọ́ ara rẹ̀. Èyí tó ná sára ni IRS ń kà. Àjọ jáde kúrò nínú ìṣirò. Gbogbo bùkátà Màmá wá jẹ́ $18,500, ìdajì rẹ̀ $9,250. Mo ti kọjá a tipẹ́, Bùrọ̀dá kò tilẹ̀ tó ìdá kan nínú méje.

Ohun tó máa ń dá àwọn ènìyàn rú níbí ni Social Security. Kò wọ ìdánwò $5,200, ṣùgbọ́n bí Màmá bá fi ra oúnjẹ tàbí san owó ilé, ìlà tiwọn ló lọ níbi ìdánwò ìdajì. Mo ti rí bàbá tó ń gba $1,400 lóṣù tó sì ń ná an tán sórí ara rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ kò rí ìdajì náà kọjá. Owó oúnjẹ SNAP, ìjọba ni wọ́n kà sí ẹni tó gbé e sílẹ̀. Ohun tí Medicare, ìbánigbófò ìlera tí ìjọba ń ṣe fún àwọn àgbà, san fún ilé ìwòsàn kì í wọ ìlà ẹnikẹ́ni.

Ọ̀nà mẹ́ta, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn

| | Ọmọ kan gbé Màmá | Àdéhùn ọmọ ìyá, Fọ́ọ̀mù 2120 | Màmá dá dúró |
|---|---|---|---|
| Ìgbà tó bá a mu | Ẹnìkan gbọ́ ju ìdajì bùkátà lọ | Kò sí ẹni tó ju ìdajì, àpapọ̀ yín ló jù ú | Owó Màmá kọjá $5,200, tàbí owó ara wọn ni wọ́n ń ná |
| $500 | Bẹ́ẹ̀ ni | Bẹ́ẹ̀ ni, fún ẹnìkan | Rárá |
| Olórí ilé nítorí Màmá | Ó ṣeé ṣe | Rárá | Rárá |
| Owó ìwòsàn | Ẹ lè kà á | Èyí tí ẹ̀yin fúnra yín san | Ẹ lè kà á, bí ó bá jẹ́ $5,200 nìkan ló dí yín lọ́nà |

Àdéhùn dára fún Màmá tó ń yí ká: oṣù mẹ́rin ní Houston, mẹ́rin ní Atlanta, mẹ́rin níbòmíràn. Ká sọ pé ẹ̀gbọ́n gbé ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún, ìwọ gbé 35, àbíkẹ́yìn gbé 8, Màmá fúnra wọn gbé 17. Ẹni tó ju 10 lọ nìkan ló lẹ́nu ọ̀rọ̀. Ẹ̀gbọ́n lè gbé Màmá bí ìwọ bá fọwọ́ sí ìwé pé o yọ̀ǹda fún un lọ́dún náà, tàbí kí ó yọ̀ǹda fún ọ. Àbíkẹ́yìn kò ní láti fọwọ́ sí nǹkan kan, kò sì lè gbé Màmá. Fọ́ọ̀mù 2120 á bá táàsì lọ. Ìwé tí ẹ fọwọ́ sí á dúró nílé, nínú fáìlì. Lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ lè yí i fún ẹlòmíràn. Ó jọ àjọ díẹ̀: ọdọọdún ni ẹnìkan ń kó o.

Bí ó bá jẹ́ tèmi, n kò ní gba Fọ́ọ̀mù 2120 lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó bá lè dá gbé Màmá ní tòótọ́, nítorí olórí ilé máa ń bá a lọ. Màmá tó dá dúró náà kì í ṣe òfò bí wọ́n bá lówó tiwọn. Ẹni tó lé ní 65 tó dá wà ní $17,750 tí ìjọba kò ní fọwọ́ kàn, pẹ̀lú $6,000 mìíràn tí òfin fi kún un fún àwọn àgbà láti 2025 dé 2028. Ẹ kàn rántí pé bí ẹnìkan bá lè fi Màmá sábẹ́ tó sì pinnu láti má ṣe é, Màmá ṣì gbọ́dọ̀ fi àmì síbi tí fọ́ọ̀mù ti béèrè bóyá ẹlòmíràn lè gbé wọn.

Bí ọmọ méjì bá gbé Màmá lẹ́ẹ̀kan náà, bí ó ṣe ṣẹlẹ̀ sí wa, ẹni tó kọ́kọ́ fáìlì kọ́ ló ni wọ́n. Ìwé títẹ̀ ni mo fi ránṣẹ́ ní pósítì nígbà yẹn. Láti àsìkò ìfáìlì 2025, ẹni tó ní IP PIN, nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ tí IRS ń fúnni, lè fáìlì lórí ẹ̀rọ bí ẹlòmíràn bá tilẹ̀ ti lo nọ́ńbà náà. Bùrọ̀dá fi Fọ́ọ̀mù 1040-X tún tiwọn ṣe, wọ́n dá $500 padà, wọn kò sì bá mi sọ̀rọ̀ títí di Easter.

Ọmọ tó ti dàgbà

Èyí kò gba wàhálà tó ti Màmá. Ọmọ ọdún 22 tó ń kàwé ní kíkún fún oṣù márùn-ún ó kéré tán lọ́dún ṣì jẹ́ ọmọ lójú IRS títí yóò fi pé 24. Ó lè ṣe iṣẹ́ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kó gba $9,000; $5,200 kò kàn án, bí kò bá ti fi owó ara rẹ̀ gbọ́ ju ìdajì bùkátà ara rẹ̀. Yàrá ilé-ìwé tó ń gbé kò sì sọ pé kò bá yín gbé mọ́. $500, olórí ilé, àti ẹ̀dín owó ilé-ìwé tó lè tó $2,500 fún ọdún mẹ́rin àkọ́kọ́ ní yunifásítì ló wà lórí rẹ̀. Bí tiyín bá kọjá $90,000, tàbí $180,000 fún tọkọtaya, ẹ̀dín ilé-ìwé yẹn kò tọ́ sí yín mọ́. Nígbà náà, ó lè dára kí ẹ má gbé ọmọ náà, kó lo díẹ̀ nínú rẹ̀ lórí táàsì tirẹ̀.

Ọmọ ọdún 25 tó padà wálé wá sùn lórí kúṣọ̀n ti bọ́ sọ́wọ́ kan náà pẹ̀lú Màmá: $5,200, ju ìdajì bùkátà lọ. Ọmọ tó ní àìlera tó dí i lọ́wọ́ iṣẹ́ pátápátá àti títí láé kò ní ọjọ́ orí tó ń yọ ọ́ kúrò.

Bí Màmá bá jábọ́ nítorí $5,200

Nǹkan méjì ṣì kù. Bí Màmá kò bá lè tọ́jú ara wọn mọ́, tí wọ́n bá yín gbé ju ìdajì ọdún, tí ẹ sì ń sanwó fún ẹni tó ń ṣọ́ wọn kí ẹ lè lọ síbi iṣẹ́, Fọ́ọ̀mù 2441 á gbà yín láyè láti ka $3,000 nínú owó náà, kí ẹ rí ìdá 20 sí 35 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ gbà padà lára táàsì. Èyí dára, àwọn ènìyàn kì í sì í rántí rẹ̀. Owó ìwòsàn ni ìkejì, ṣùgbọ́n èyí tó bá kọjá ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún owó yín nìkan ló wúlò, ìyẹn $4,500 fún ẹni tó ń gba $60,000, ẹ sì gbọ́dọ̀ pa $15,750 tàbí $23,625 yẹn tì kí ẹ tó lè kà á. Fún ọ̀pọ̀ wa, kò mú nǹkan kan wá.

Ní December 2025, àbúrò wa ra ilé ní Chicago, ó ní kí Màmá máa bọ̀. Mo di ìwé aláwọ̀ ewé náà mọ́ gèlè àti ẹran gbígbẹ nínú àpótí wọn, mo sì kọ "January 1, 2026" sórí ojú ewé tuntun. A pe ara wa lórí fóònù, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, Màmá wà lórí sípíkà. Bùrọ̀dá ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀: kí Àbúrò gbé Màmá, kó máa san owó ilé àti oúnjẹ, àwọn á máa fi $200 tiwọn ránṣẹ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe. Mo ní mo fara mọ́ ọn.

"Ẹ ti pín mi tán?" Màmá béèrè.

A ní ó ti tán.

"Ó dáa. Àjọ mi kò sí nínú rẹ̀ o."